Àwòrán Tókíò Tí N Kò Fọwọ́ Yà

Ọjọ́ tí Sanni kó búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán rẹ̀ fún mi kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ṣẹ́ àwòrán ní yunifásítì ní Zaria níbí, nígbà èwe wa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní kí ẹ̀rọ AI orí fóònù mi ya ìlú Tókíò fún onílé-iṣẹ́ ìrìn-àjò kan ní Dogarawa, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá. Sanni wọlé, ó rí i.

"Kai! Àgbàlagbà yìí, ọwọ́ rẹ ò tiẹ̀ gbọ̀n!"

Mo rẹ́rìn-ín, n kò jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ ló yà á. Ló bá padà sílé, ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá.

"Ọwọ́ tèmi ti ń gbọ̀n. Máa bá mi lò wọ́n."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n, mo sì dúpẹ́. Mo ti purọ́ rí láyé mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mí tó ìdákẹ́ ọjọ́ yẹn.