Ẹni Tí Wọ́n Pè Ní Bàbá Aláago

Sírájúdéènì Akíndé kú ní Ilo-Awela, ní Sango Ọ̀tà wa níbí, lóṣù tó kọjá. Ikọ́ ló pa á. Ẹni tó kọ *Èéfín Orí Òrùlé*, ìwé tí àwọn ọmọ yín ń kà nílé ìwé, ni mò ń sọ. Bí ẹnì kan bá sì wà ní gbogbo Ọ̀tà tó dá a mọ̀ nínú ìwé ìrìn àjò tí Fọláwẹwọ́ Ṣóbándé kọ, níbi tí wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ dà sí Bàbá Aláago, èmi Àmọ̀dá ni. Èmi nìkan! Ojú mi mú ju ti ọ̀gá ọlọ́pàá lọ.

Ó dáa, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èmi nìkan. N ó sọ bó ṣe jẹ́ kí n tó dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Sango, ẹ mọ èéfín àwọn ilé iṣẹ́ irin wa. Aṣọ funfun tí ẹ bá sá láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti di ti mẹkáníìkì. Ta ni kì í wúkọ́ níbẹ̀? Akíndé wá fi ikọ́ yẹn ṣe ọ̀gá iṣẹ́. Bó bá ti kọ nǹkan tuntun, á gbé bẹ́ǹṣì síwájú ṣọ́ọ̀bù Naimat, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀, á máa kà á sétí wa. Ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti wúkọ́, gbogbo wa á pariwo pé, "Ẹ fa igi lé e!" Á yọ bírò, á fa igi lé gbólóhùn náà lóòótọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tó bá há èèyàn lọ́fun kò yẹ kó wọ ìwé.

Èmi a máa mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́. Ibi tó bá ti ń yin obìnrin arẹwà jù, ibẹ̀ ni ọ̀fun á ti máa yún mi. Akíndé á wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Àmọ̀dá, ikọ́ ìlara nìyẹn. Mi ò gbà á."

Ẹni tí mo pàdánù nìyẹn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé rẹ̀ tún un tẹ̀, wọ́n sì kọ "olóògbé" síwájú orúkọ rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo fi hàn án. A wọkọ̀ lọ bá wọn. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wo ìwé, ó wò wá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹni tó kọ ìwé yìí ti kú."

"Ọmọ mi," Akíndé ní, "ta ló sin ín?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn."

"Fọwọ́ kàn án wò," èmi náà dá sí i. "Bó bá tutù, a ó máa gbé e lọ sílé."

Ó ní ká padà wá tí ọ̀gá òun bá dé. A padà lọ. A tún padà lọ. Ọ̀gá wo ni kì í dé rárá? Àbí òun náà ti di olóògbé ni?

Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni? Nígbà tí ikọ́ Akíndé bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀jẹ̀ wá, Naimat lọ sí káńsù, pé kí wọ́n bá òun gbé bàbá òun lọ sí ọsibítù ńlá, nítorí òǹkọ̀wé ìlú ni. Wọ́n ṣí ìwé bàbá rẹ̀ gan-an, wọ́n nàka sí i: olóògbé. Ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹni tó ṣì ń mí nílé, wọ́n ń fi ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ jẹ́rìí sí i pé ó ti kú. Wọ́n ní kó má wá fi òkú jẹun.

Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ sí itẹ́ òkú, a gba iwájú ilé ìwé kan kọjá. Kíláàsì kan ń ka *Èéfín Orí Òrùlé* sókè. A gbọ́ ohùn wọn ketekete. Kò sẹ́ni tó yọjú lójú fèrèsé. Kí ni wọn ì bá wá wò?

Ṣóbándé ní tiẹ̀ kò pe ẹni tó wà láàyè lókùú. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa, ó jẹ ẹ̀bà Naimat, ó mọ ẹni tó ń kàwé fún un. Ó wá lọ kọ ọ́ pé òun pàdé Bàbá Aláago kan ní ìlú èéfín kan. Atún-aago-ṣe! Akíndé tí kì í mọ ìgbà tí aago lù! Nígbà tí Naimat pè é lórí fóònù, ó ní òun fi orúkọ pamọ́ kí wọ́n má baà yọ bàbá lẹ́nu ni. Ta ni? Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ogbó rẹ̀ retí pé kí ẹnì kan ṣáà wá yọ òun lẹ́nu! Àwọn tó di orúkọ rẹ̀ mú ní ó ti kú. Ẹni tó mọ̀ pé ó wà láàyè gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ilé ìtẹ̀wé, ta ló kọ "olóògbé" yẹn, ta ló sì sọ fún un? Ẹ pè é síta. Ẹ̀yin káńsù, ẹni tó lé Naimat ní orúkọ, ẹ dá a. Ṣóbándé, bó o bá fẹ́ tún ìwé rẹ tẹ̀, pa Bàbá Aláago rẹ́, kọ Sírájúdéènì Akíndé síbẹ̀. Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Ẹ dá mi lóhùn.

Mo ní n ó sọ bó ṣe jẹ́. Lẹ́yìn àdúrà fìdáù, mò ń ka ìwé Ṣóbándé sókè fún Naimat nínú ṣọ́ọ̀bù kó lè gbàgbé ẹkún. Mo dé orí Bàbá Aláago, mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Ikọ́ bá gbé mi, ojúlówó ikọ́. Naimat kò gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ fa igi lé e," ó ní.

Mo ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹnì kan bá ti wúkọ́, gbogbo wọn á pariwo pé, "Ẹ fa igi lé e!"

Ẹ̀rọ dákẹ́. "Bàbá mi nìyẹn," ni Naimat wí.

Òun ló dá a mọ̀. Èmi kàn wúkọ́ ni.