Ẹni Tí Ń Fi Imú Sọ̀rọ̀

Àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Sakété máa ń pe ọ̀rẹ́ mi kan, tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi, ní odi. Mo máa ń tún un ṣe fún wọn pé kì í ṣe odi. Àrùn ẹ̀gbà ló mú un, ahọ́n rẹ̀ kò sì gbé mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ka-èdè Ọ̀họ̀rí tó gbé wá láti ìlú rẹ̀, Ahoyéyé, ṣì pé sí imú rẹ̀: tòkè, tàárín àti tìsàlẹ̀. Bó bá ti ń kùn ún, ìyàwó rẹ̀ a máa dáhùn láti ìdí ààrò.

"Olùkọ́, wọ́n ní ẹ jókòó," ni ìyàwó náà máa ń wí fún mi. "Wọ́n tún ní ọbẹ̀ mi kò níyọ̀. Ẹnu kú, àríwísí kò kú."

Ọkọ rẹ̀ a rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ á fi máa mì.

Ìyàwó náà kú lásìkò òjò tó kọjá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rẹ́ mi kùn gbólóhùn gígùn kan sí mi. Mo gbọ́ ìkíni tó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn ìyẹn. Ìyókù kò yé mi.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́, jọ̀ọ́, tún un wí."

Ó tún un kùn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ kan èjìká mi.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wọlé, ìkíni nìkan ló máa ń kùn sí mi. Mo máa ń dáhùn rẹ̀ dáadáa, a ó sì jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú.