Orin Okun Tí Kò Ní Àmì

Àwọn tí Ìyáàfin Ọlọ́runtóyìn Ògúnlẹ́yẹ kọ́ níwèé ní Bódìjà kò lè gbàgbé rẹ̀. Màmá Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Bí ọmọ bá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, Màmá Tíṣà á fa etí rẹ̀, á ní, “Ṣé igbá lo kọ ni, àbí igba, àbí ìgbà?” Ó fẹ̀yìn tì tán, kò jáwọ́. Pátákó alápatà, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí èyí tí kò bá jà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fúnra rẹ̀ kì í pè: òkun. Ìlàjẹ ni, etí omi ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Olúrótìmí, apẹja tí ohùn rẹ̀ dùn ju ti gbogbo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ. Lọ́jọ́ kan Olúrótìmí gbé ọkọ̀ jáde, ọkọ̀ nìkan ni omi dá padà. Màmá Tíṣà gbé Ọmọ́fẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó kó wá sí Ìbàdàn níbi tí etí rẹ̀ kò ti ní gbọ́ ìró ìgbì mọ́. Láti ìgbà náà, orúkọ ọkọ rẹ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀, òkun náà sì di “ibẹ̀ yẹn.” Kódà bí wọ́n bá ń ka ìtàn Òkun Pupa ní ṣọ́ọ̀ṣì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì ojú rẹ̀ nínú báàgì títí gbogbo Ísírẹ́lì á fi kọjá tán.

Ọmọ́fẹ́ dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkiteríàtì, ó sì mọ ṣẹ́lò ta, gòjé òyìnbó ńlá tí wọ́n máa ń gbé sáàárín orúnkún. Ní ọdún 1996, òun àti àwọn tó ń ta fáyólìn nínú ìjọ wọn ṣètò eré kan. Wọ́n gbé ìwé ìkéde rẹ̀ fún atẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, ohun tí ìyẹn sì tẹ̀ ni ORIN OKUN. Kò fi àmì kankan sí i.

“Ọ̀lẹ!” ni Màmá Tíṣà wí. Ó mú báírò pupa, ó fi àmì sórí u: Orin Okùn. Kí ni ìbá tún jẹ́? Ṣebí okùn ló wà lára gòjé tí ọmọ òun ń ta. Ó lẹ ìwé náà mọ́ ara fíríìjì, ó ń yọ̀ pé òun máa gbọ́ eré ọmọ òun. Ọmọ́fẹ́ rí i, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ká sọ òótọ́, òkun ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìtàn Olókun àti mámíwọ́tà ni wọ́n fi ṣe orin, ti ọkọ̀ òkú tí kì í gúnlẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọmọ́fẹ́ mọ̀ pé bí òun bá tún àmì yẹn ṣe, ìyá òun kò ní wá. Bí kò bá sì wá, orin tó gbẹ̀yìn nínú eré náà kò wúlò fún òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Ìyá Ẹwàolúwa, ọ̀rẹ́ Màmá Tíṣà láti Baṣọ̀run, bá a lọ síbi eré náà. Ìyẹn gbé ìgò òróró dání.

“Kí lẹ fẹ́ fi òróró ṣe?”

“Ṣebí orin okun ni wọ́n pè é. Mo rò pé wọ́n máa gbàdúrà fún okun ara.”

Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi jókòó. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí Ọmọ́fẹ́ fi dìde níwájú.

“Ẹ káàbọ̀ o. Orin òkun la fẹ́ ṣe fún yín lónìí.”

Ohùn ìsàlẹ̀ lórí o, ohùn àárín lórí u. Màmá Tíṣà gbọ́ ọ yékéyéké. Inú bí i, ẹ̀rù sì bà á. Wọ́n ta ti Olókun, wọ́n ta ti mámíwọ́tà, òun ń wá gíláàsì nínú báàgì, bẹ́ẹ̀ gíláàsì náà wà lójú rẹ̀. Nígbà tí orin ọkọ̀ òkú parí, ó dìde, ó fẹ́ máa lọ.

“Ìyá mi ló sọ ìtàn tó gbẹ̀yìn yìí fún mi,” Ọmọ́fẹ́ ń sọ níwájú, ojú rẹ̀ wà lára ìyá rẹ̀. “Mo kéré nígbà náà, mo máa ń béèrè bàbá mi. Wọ́n ní Olókun ní ilé iyùn nísàlẹ̀ omi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ orin kọ níbẹ̀. Ó gbọ́ ohùn bàbá mi, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró bá òun díẹ̀.”

Màmá Tíṣà dúró. Ó ti gbàgbé pé òun sọ ọ́. Ọmọ ò jẹ́ kí ẹkún dá, òun fi ìtàn yẹn rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni. Kò tún sọ nǹkan kan fún un mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Irọ́ kékeré yẹn nìkan ni ọmọ náà rí gbà nípa bàbá rẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí di òní.

Ó padà jókòó. Ṣẹ́lò náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń kùn bí ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Omi dà lójú Màmá Tíṣà, kò nù ún.

Ìyá Ẹwàolúwa ti ń ṣí ìgò òróró. “Ṣé kò sí nǹkan o?”

“Ẹ dé e, jàre. Olúrótìmí ni. Bó ṣe máa ń kùn nìyẹn.”

Nígbà tí wọ́n délé, Ọmọ́fẹ́ kúnlẹ̀. “Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo rí àmì tí ẹ fi sí i. Mi ò lè sọ fún yín ni.”

Ìyá rẹ̀ mú báírò pupa, ó lọ sídìí fíríìjì, ó fagi lé àmì orí u, ó sì fi òmíràn sórí o.

“Orin òkun,” ló kà á jáde. Ó fa àga kan síwájú ọmọ rẹ̀. “Dìde, kí o jókòó. Ìtàn Olókun yẹn, irọ́ ni mo pa fún ẹ. Jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́ gan-an.”