Ọwọ́ Àga Tí Wọ́n Fi Ayùn Gé

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọjọ́ orí ti pa á rẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú kò ju ọ̀rọ̀ àga lọ, àga onígi tí èèyàn ń jókòó lé ṣiṣẹ́. Tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, mi ò bá yín jà. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ dópin.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ tánganran ní Ìkẹjà. Ayé àwọn sójà ni, ìgbà Sáàpù tí ìjọba ní ká máa ṣọ́wó ná, tí mílíìkì inú agolo di ohun tí à ń wò lókèèrè. Láti aago méje ààbọ̀ àárọ̀ di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìdí taipuráítà ni mo máa ń wà. Mò ń tẹ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà, mò ń tẹ ìkéde, ṣùgbọ́n ohun tí mo tẹ̀ jù láwọn ọdún wọ̀nyẹn ni lẹ́tà tí wọ́n fi ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo àwa atẹ̀wé la mọ̀ pé ẹni tí àìsàn bá dá dúró sílé pẹ́, ẹlòmíì ló máa tẹ lẹ́tà tirẹ̀.

Àga onírin kan tó ṣeé ká pọ̀ ni wọ́n fún mi, ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo ká páálí sábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti di ọ̀sán, ẹ̀yìn mi á ti máa ta mí láti ìbàdí dé ọrùn. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ dìde kí ọ̀gá kan tó wọlé, ìbàdí mi kọ̀ jálẹ̀, àfìgbà tí èèyàn méjì fà mí dìde. Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wa tẹ ẹ̀yìn mi wò, ó mi orí.

Ó ní, “Àǹtí, àga yẹn ló ń ṣe yín báyìí. Tí ẹ ò bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ò ní lè ṣe iṣẹ́ yìí dé ìparí ọdún.”

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ọ̀gá ádímìn là ń pè é. Ó ní kò sówó àga tuntun, ṣé mi ò gbọ́ ohun tí ìjọba sọ ni, gbogbo wa la máa fún ìgbànú wa. Orí àga aláwọ dúdú tó ń yí sọ́tùn-ún sósì ló wà nígbà tó ń sọ ọ́, ó sì ń fi í yí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wò mí. Mo ní ẹ ṣé, sà. Ẹnu mi ló sọ ọ́, inú mi ò sí níbẹ̀.

Mo gbọ̀nà Allen lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta àga ọ́fíìsì tó tòkè òkun dé. Mo jókòó sórí àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, ó ń fì bíi tọmọdé lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Èkejì rọ̀ débi pé mo rì sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta gba ẹ̀yìn dáadáa, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó tí atẹ̀wé ń dá lábàá. Mo ṣì jókòó sórí rẹ̀ tí ọmọkùnrin tó ń tajà fi dé.

Ó bi mí pé, “Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ kàn fẹ́ sinmi?”

Mo ní, “Mo fẹ́ sinmi.” Mo sì jókòó síbẹ̀ títí ojú fi tì í.

Bàbá káfíńtà kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbà mí sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ní Agége ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Mo ti rò pé yóò béèrè irú àga tí mo fẹ́, kó gba owó àsansílẹ̀, kó ní kí n máa lọ. Ó gbé pákó lé búlọ́ọ̀kù méjì, ó ní kí n jókòó. Ó gbé tábìlì síwájú mi, ó ní kí n máa tẹ̀wé.

Mo ní, “Bàbá, kò sí taipuráítà níbí.”

“Máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ara rẹ mọ̀ ọ́n.”

Mo ń fi ìka gbá tábìlì, ó ń yọ pákó pẹlẹbẹ kúrò lábẹ́ mi, ó ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì fi kanlẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀yìn, kò fọwọ́ kàn mí. Ó pe ìyàwó rẹ̀ láti inú ilé, ìyẹn fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tí ẹ̀yìn mi ti wọnú lókè ìbàdí, bàbá sì nà igi kan sẹ́yìn mi, ó fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tó bá ibẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló fi téèpù wọn ìgbọ̀nwọ́ mi, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀.

Ó ní, “Èjìká rẹ ló ń ru apá rẹ láti àárọ̀. Ó yẹ kí nǹkan bá a rù ú.”

Nǹkan tó ṣe láti bá a rù ú ni ọwọ́ àga náà, igi ìrókò méjì tó fá dán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lo àga yẹn ní ọ́fíìsì, aago márùn-ún lù, mo dìde fúnra mi, mo rìn lọ sí ìta. Mo dúró lẹ́nu géètì fúngbà díẹ̀, mò ń dúró de ìrora, kò wá.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá ádímìn wọlé.

“Àga ta nìyí?”

“Tèmi ni, sà. Èmi ni mo ní kí wọ́n kàn án fún mi.”

“Gíréèdì kèlòó lo wà?”

“Gíréèdì kẹrin, sà.”

“Àga ọlọ́wọ́, láti gíréèdì kẹjọ lọ sókè ni. Ìwọ lo tẹ ìwé òfin yẹn fúnra rẹ.”

Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mo sì gé sitẹ́ńsù tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kárí gbogbo ọ́fíìsì. Ẹni tó ń tẹ̀wé látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í ka ohun tó ń tẹ̀, ìka rẹ̀ ló ń kà á. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí, pé nọ́ọ̀sì mọ̀ sí i.

Ó ní, “Tí gbogbo yín bá wà lórí àga ọlọ́wọ́, báwo ni àlejò tó bá wọlé ṣe máa mọ ẹni tó yẹ kó kí? Ọ̀kan nínú méjì ni. Gbé e lọ sílé rẹ, tàbí kí káfíńtà bá wa gé ọwọ́ rẹ̀.”

Mo wo àga onírin tí wọ́n fi ti ògiri. Mo rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Mo ní, “Ẹ gé e, sà.”

Káfíńtà ilé iṣẹ́ mú ayùn wá, ó gé e lójú gbogbo wa, lọ́sàn-án gangan. Ọ̀gá dúró tì í títí ọwọ́ kejì fi já bọ́. Mi ò sunkún. Ẹni tó bá sọ pé mo sunkún purọ́. Ṣùgbọ́n èébú tí mo bú ọkùnrin yẹn nínú ọkàn mi, tí wọ́n bá ní kí n tẹ̀ ẹ́, rìbọ́ọ̀nù taipuráítà kan ò ní tó. Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, káfíńtà fi sáńpépà fá ojú ibi tó gé kó má bàa fa aṣọ mi ya. Ó wé ọwọ́ méjèèjì sínú ìwé ìròyìn, ó ní kí n fi wọ́n pamọ́, pé wọ́n ṣì ṣeé lẹ̀ padà.

Mo fi wọ́n sí dúróà ìsàlẹ̀ tábìlì mi. Mo búra pé ọjọ́ tí mo bá dé gíréèdì kẹjọ, èmi fúnra mi ni màá kàn wọ́n mọ́ àga náà lójú ọ̀gá ádímìn. Àga náà ṣì gba ẹ̀yìn mi dáadáa, èjìká nìkan ló ń dùn mí, mo sì fara dà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbúra yẹn ló ń gbé mi dé ibi iṣẹ́ láràárọ̀.

Gíréèdì kẹjọ dé lóòótọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n ti lé àwọn tó wà níwájú mi lọ ni. Wọ́n fún mi ní yàrá ọkùnrin kan tí èmi fúnra mi tẹ lẹ́tà ìdádúró rẹ̀, pẹ̀lú àga ńlá aláwọ tó fi sílẹ̀. Mo ní mi ò fẹ́ ẹ, pé kí wọ́n gbé tèmi wá. Àwọn obìnrin inú ọ́fíìsì ló dá mi lẹ́kun.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Àǹtí, ẹ má dójú tì wá o. Àga tí wọ́n gé lọ́wọ́ lẹ fẹ́ gbé sínú yàrá ọ̀gá?”

Wọ́n ń wọlé wá kí mi kú oríire lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ pa awọ àga náà. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Mo jókòó sórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, mo fi páálí sábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ẹ̀yìn mi, mo fi ìrọ̀rí dí àárín. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìrora àtijọ́ fi padà wá bá mi, mo sì ń yí sọ́tùn-ún sósì lórí àga yẹn níwájú àlejò, bí ẹni tí ara tù.

Àga mi wà lọ́dọ̀ obìnrin tó gba iṣẹ́ mi. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó kanlẹ̀kùn, ó wọlé, ó ń fọwọ́ ra èjìká.

“Àǹtí, ẹ má bínú, mà. Káfíńtà ní àga yẹn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, pé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n wà. Èjìká ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Ṣé wọ́n ṣì wà, mà?”

Wọ́n wà. Mo ti kó wọn tẹ̀ lé mi wá sí yàrá tuntun, inú dúróà tábìlì mi ni wọ́n wà, ẹsẹ̀ mi ò jìnnà sí wọn rárá. Mo wò ó, mo fi àga yí díẹ̀.

Mo ní, “Gíréèdì rẹ ò tíì dé ibẹ̀.”

Ó ní, “Ẹ ṣé, mà,” ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ẹ ṣé yẹn. Mo ṣí dúróà, mo tú ìwé ìròyìn náà, mo rí ibi tí bàbá káfíńtà Agége ti fi pẹ́ńsùlù kọ òsì sára ọ̀kan, ọ̀tún sára èkejì. Ó yẹ kí n dìde nígbà yẹn kí n pè é padà. Mi ò dìde. Kò pé ọdún tí wọ́n fi lẹ́tà dá òun náà dúró, nítorí ó ti ń ṣàìsàn jù. Ilé mi ní Ifàkọ̀ ni igi ìrókò méjèèjì wà báyìí, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè wọn lọ́wọ́ mi.