Wọ́n Ní Dorothy Bello Kò Lẹ́bí

Màmá kú nínú yàrá kan ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, lóṣù kejì ọdún 1981. Ọjọ́ mẹ́rin ni òkú wọn fi wà níbẹ̀ kí ẹni tó ń gbé mílíìkì wá tó fura. Akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan kọ ọ́ sínú ìwé pé òkú náà kò lẹ́bí, ni wọ́n bá sin Màmá mọ́ àwọn mẹ́ta mìíràn nínú ibojì kan ṣoṣo. Kò sí òkúta, kò sí orúkọ.

Wọn kò lẹ́bí kẹ̀? Èmi tí mò ń kọ èyí gbé ilé wọn fún ọdún méjì, nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí n tó kó lọ sí Leeds. Òyìnbó ni wọ́n, ọmọ bíbí Woolwich. Gafar Bello, ọkùnrin Ìjẹ̀bú, ló fẹ́ wọn. Wọ́n bá a lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n bí Naheem síbẹ̀, kí àìsàn tó lé wọn padà láìsí ọmọ lọ́wọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kí mi ní "Ẹ káàárọ̀", èmi ọmọ ogún ọdún, nítorí ìyẹn nìkan ni ọkọ wọn kọ́ wọn. Wọ́n ń kí ológbò wọn bẹ́ẹ̀ náà. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Síbẹ̀ n kò mọ orúkọ àbísọ wọn. Ta ló ń pe ìyá àgbà lórúkọ?

Latifah, ọmọ Naheem, nọ́ọ̀sì ní Thamesmead West, ló wá wọn kàn. Ọdún mẹ́ta ló fi tú ìwé: ìwé ìkànìyàn ọdún 1921 tí Màmá jẹ́ ọmọ ọdún méjì nínú rẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ikú. Dorothy Ann Pell. Nígbà tó dárúkọ náà fún mi lórí fóònù, mo sunkún.

Kí ló wá béèrè? Pátákó kékeré kan lórí ibojì. Ọ́fíìsì náà ní kó mú ẹ̀rí wá pé Dorothy ló bí Naheem. Ó mú ìwé ọjọ́ orí bàbá rẹ̀ wá, èyí tí ẹ̀gbọ́n Gafar búra sí ní kóòtù Ìjẹ̀bú-Òde. Níbi orúkọ ìyá, ẹ̀gbọ́n Gafar náà kọ "Ìyá Naheem". Bí a ṣe ń pe ìyàwó ilé nìyẹn, àpọ́nlé ni. Àpọ́nlé ọ̀hún ló wá di ẹjọ́.

"Uncle, wọ́n ní two different women ni," Latifah sọ fún mi ní stéṣọ̀n Woolwich Arsenal. "Ṣé wọ́n bèèrè proof lọ́wọ́ anybody nígbà tí wọ́n fẹ́ bury wọn?"

Ó fi ẹ̀dà ìwé kan hàn mí láti inú fáìlì ọ́fíìsì náà. Àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bá nínú yàrá Màmá ni: kẹ́tù kan, agbọ̀n ológbò, lẹ́tà mọ́kànlá láti Nàìjíríà, a ti dà wọ́n nù. Lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ kan náà kọ ọ́ pé: kò lẹ́bí.

Ó rí mi lára. Lẹ́tà mọ́kànlá, àdírẹ́sì wà lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, akọ̀wé náà ò sì lè ra sítáǹbù kan? Òótọ́ ni wọ́n sọ pé ẹni tó kú ni tirẹ̀ gbé.

Mo fẹ́ mọ ẹni tó da àwọn lẹ́tà yẹn nù, ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ìgbà tí wọn yóò tún ìwé náà kọ. Pátákó ti wà nínú mọ́tò Latifah. Lọ́jọ́ Sátidé, a óò rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀, láìtọrọ àyè. Ẹni tó bá fẹ́ fà á tu, kó kọ́kọ́ wá sọ fún Latifah, lójúkojú, pé kì í ṣe ọmọ ọmọ Dorothy.