Okùn Àwọ̀n Tí Mo Fi Wọn Ìbàdí Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí, mo sì fẹ́ kí ó wà ní àkọsílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú mi ní Òde Mahin gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, bí mo ṣe ń ti ẹsẹ̀ kan bọ inú ọkọ̀ ojú omi, ó yíjú sí ẹni tó ń tukọ̀, ó ní, "Àárín ni kó jókòó o. Bó bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo wa la ó bá omi lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ni mí, mo ní ìwé ẹ̀rí, n kò sì sanra nígbà yẹn tó bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n láti Òde Mahin dé Ugbonla, ìlú ọkọ mi, bí ẹrù ni mo ṣe jókòó.

Ọkọ mi ti kú. Àwọn ọmọ ti lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló kù nínú ilé pákó tí òpó rẹ̀ wà nínú omi yìí. Òun ṣì gbẹ bí ẹja yíyan. Èmi wá sanra lóòótọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àkàbà nígbà tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Igbokoda. Ọkùnrin mẹ́ta ló fà mí jáde nínú omi. Orúnkún mi wú. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin gbọ́, ó fi òṣùwọ̀n ránṣẹ́ láti ìlú tó ń gbé, irú èyí pẹlẹbẹ tí èèyàn ń dúró lé, ó sì pàṣẹ lórí fóònù.

"Mọ́mì, dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ mọ́ títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀ sí ọgọ́rin kílò. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, màá gba yàrá fún yín ní Igbokoda, kí ẹsẹ̀ yín lè máa tẹ ilẹ̀."

Yàrá yẹn ni mo fẹ́. Mo ti fẹ́ ẹ láti ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ mi lọ sí Igbokoda, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ìyàwó kì í fi ilé ọkọ sílẹ̀ lọ jẹ owó oṣù níbòmíràn. Ẹnu ọ̀nà kan ni mò ń wá, èyí tí mo lè gbà jáde láìbẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá fi ọkọ̀ gbé mi.

Ta ni ọmọ mi wá fi ṣọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ni. Láràárọ̀ Sátidé, ó máa ń gbé òṣùwọ̀n náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí omi, ó ní inú ilé ṣókùnkùn. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà a dá àjẹ̀ wọn dúró.

"Ìyá Tíṣà, mélòó ni tòní?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún," ẹ̀gbọ́n ọkọ mi a dá wọn lóhùn kí n tó la ẹnu. "Ibi tó wà náà ló wà."

"Ẹ dín òkèlè pupuru kù o, Mà."

"Ó lóun ti dín in kù. Bóyá ẹja ló fi ń dí àyè rẹ̀."

Mo ti dín in kù débi pé ebi ni mo ń gbé sùn. Mò ń rìn lórí afárá pákó tó so ilé wa mọ́ ilé kejì, mo ń lọ, mo ń bọ̀, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Mò ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń dìde. Mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi sókè sódò. Òṣùwọ̀n kò mira. Ṣùgbọ́n ìró mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi ká kọjá ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀, orúnkún mi sì ti ń gbà kí n dìde láìdi nǹkan mú.

Níbí, ẹni tó bá fẹ́ mọ gígùn nǹkan, okùn ni yóò ta kókó sí. Bí ọkọ mi ṣe ń wọn àwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Mo mú ọ̀kan nínú okùn tó fi sílẹ̀ lára ògiri, mo fi yí ìbàdí mi, mo ta kókó síbi tó ti pàdé. Bí oṣù bá lé, mo tún ta òmíràn. Kókó tuntun ń wọlé sí i ju ti àtijọ́ lọ. Mo kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìlera fún ọ̀pọ̀ ọdún: ọ̀rá ló ń lọ, iṣan ló ń gba ipò rẹ̀, òṣùwọ̀n kò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Mo fi okùn náà han ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó fi ìka fà á wò.

"Okùn àwọ̀n máa ń fà, ìyàwó. Èyí ti fà."

"Ẹja wo ló gbé, Àǹtí? Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló ń sùn."

"Orí tó wà lórí ìrọ̀rí yẹn náà kì í ṣe kékeré."

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyàwó ló ṣì ń pè mí.

Ọmọ mi wá lóṣù tó kọjá. Mo ti di báàgì mi, mo fi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fúnra rẹ̀ gbé mi lé òṣùwọ̀n. Márùndínláàádọ́rùn-ún. Ojú rẹ̀ fà ro. Mo na okùn sí i, mo fi kókó kọ̀ọ̀kan hàn án. Mo jókòó, mo dìde, n kò di nǹkan kan mú.

"Mọ́mì, kílò ni dókítà bèèrè, kì í ṣe okùn." Síbẹ̀, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. "Màmá Àgbà, ẹ̀yin lẹ jọ ń gbé. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n fọn? Bẹ́ ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà, a jọ ń lọ lónìí."

Edé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣà. Kò gbójú sókè.

"Èmi ò rí nǹkan kan. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ náà ló rí."

Ọmọ mi ní kí n ní sùúrù. Ó wọ ọkọ̀. Mo dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ títí n kò fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì mọ́, mo wọlé, mo tú báàgì mi, mo ń kó ìró mi padà sínú àpótí níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá dúró lẹ́yìn mi. Mo rò pé ẹ̀rín ló fẹ́ fi mí rín. Dípò bẹ́ẹ̀, ó di etí ìró tó wà nídìí mi mú, ó fà á yí mi ká títí ó fi dé ẹ̀yìn mi, ó sì bá mi lọ́ ọ dáadáa. N kò tíì dárí jì í. Mo kọ ohun tó sọ síbí bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi kún un:

"Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i pé o fọn, ìyàwó. Ojú mi ò fọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wí, o ó lọ. Ta ni kí n wá máa bá jà nínú ilé yìí?"