Sùtánà Tí Mo Pè Ní Aṣọ Ọ̀gbọ̀

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú, láti ìdílé àwọn obìnrin ahunṣọ. Ìyá tí ó bí ìyá mi kọ́ mi láti fi ọwọ́ mọ aṣọ kí ojú tó rí i. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì sì fún mi ní ẹ̀bùn ìránṣọ. Mo sọ èyí kí òǹkàwé lè mọ̀ pé kì í ṣe àìkàwé ni ó mú mi ṣìnà.

Ìjọ Aládùúrà wa fẹ́ fi òróró yàn mí sí ipò ìyá ìjọ. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí ó ń tajà ní ilé ìtajà ńlá Vicarage Field ní ìlú òyìnbó níbí, rán sùtánà funfun kan fún mi. Ó gbé e dé ilé mi ní Upney, ó sì sáré lọ bá ọkọ̀ ojú irin. Mo fọwọ́ pa aṣọ náà: ó tutù, ó le díẹ̀. Ọ̀gbọ̀ ni, irú èyí tí àwọn àlùfáà inú Bíbélì ń wọ̀! Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n fi òróró yàn mí, ọmọ náà tún wá. Mo ń yin ọ̀gbọ̀ mi nígbà tí ó ní, "Màmá, kì í ṣe ọ̀gbọ̀ o. Igbó ni."

"Igbó wo?"

"Ẹbí èyí tí wọ́n ń mu náà ni. Àmọ́ èyí kì í pani bí ọtí."

"O fẹ́ kí n da igbó bora wọ ibi mímọ́?"

"Ah-ah, Màmá! Ta ló fẹ́ fa sùtánà yín mu?"

Ó ṣàlàyé pé èèpo ara igi rẹ̀ ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń rẹ sómi, tí wọ́n sì ń ran. Pé kì í mu omi tó òwú, wọn kì í sì í sábà fín oògùn kòkòrò sí i. Ọ̀rọ̀ náà yé mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kó o pọ̀, kò yé mi mọ́. Ewé tí ó sọ àwọn ọmọkùnrin di ẹlẹ́wọ̀n nígbà tiwa, èèpo rẹ̀ ha lè jẹ́ mímọ́? Bí mo bá kọ aṣọ náà, mo ti kọ ọmọ mi. Bí mo bá wọ̀ ọ́ tí mo dákẹ́, irọ́ ni a ó da òróró lé.

Mo rẹ aṣọ náà sínú omi iyọ̀ láti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo wọ̀ ọ́.

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan nítòsí Dagenham Dock ni a ti ń jọ́sìn. Bí mo ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, òòyì ń kọ́ mi, n kò sì mọ̀ bóyá ààwẹ̀ ni tàbí aṣọ. Àwọn ìyá yí mi ká.

"Ẹ wo ọ̀gbọ̀! Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kàn án!"

Ọmọ náà dúró lẹ́yìn mi.

Mo ní, "Kì í ṣe ọ̀gbọ̀. Èmi ni mo ṣì í mọ̀. Igbó ni wọ́n fi hun ún. Ọmọ mi yìí ni ó rán an, mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Ìyá tí ó sún mọ́ mi jù fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Ìyá, ṣé òòyì kò ní kọ́ yín?"

"Ó ń kọ́ mi. Ààwẹ̀ ni, bóyá."

Agogo dún. Obìnrin náà wo ọmọ mi, ó wo èmi náà, ó mí kanlẹ̀. Ó fi ìka méjì péré di etí apá aṣọ náà mú, ó sì fà mí wọlé.